Ìdí Tí Mo Fi Ní Kí O Má Mú Ọmọ Sódìq

Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì Wàhábì,
Ọ̀nà Ara,
Èjìgbò.
Ọjọ́ kìíní, oṣù Keje, ọdún 2025.

Mùtàlíbù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo ará Èjìgbò tó wà ní àdúgbò yín ní Àbíjáǹ. Ara wa le níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo tuntun sì ti délé. Ká ní o wà nílé ni, à bá ti jọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, kí á máa fi àgbọn jẹ ẹ́. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó sì bá ọ ní ọjọ́ tí inú rẹ bá rọ̀.

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń pè ọ́ tí o kò gbé e. Mo fi ohùn ránṣẹ́ lórí wọ́sáàpù, mo rí i pé o gbọ́ ọ, o kò sì fèsì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo rí gbà lọ́wọ́ rẹ ni èyí tí o fi ohùn sọ ní ọjọ́ kejì ìdíje bọ́ọ̀lù àwa àti ìlú Ara: “Wàhábì, o jẹ́ kí n kọ ọmọ Sódìq sílẹ̀ lójú gbogbo ayé, ìwọ wá yí ẹ̀yìn, o mú un. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?” Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Bàṣírù onímọ́tò ń gbéra lọ sí Àbíjáǹ ní Ọjọ́bọ̀, òun ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́. Fóònù ni èèyàn lè pa. Lẹ́tà, bí o bá ti ya á, wàá kà á tán. Mo mọ̀ ọ́.

Ṣé o rántí ìwé ìṣirò Sódìq? Ọdún 1992 ni, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ẹ̀yìn ìwé yẹn ló fa ìlà sí, ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa yan agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá láàárín ẹgbẹ́ méjì tó bá fẹ́ pàdé, kí á sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tí o mú bá gbá góòlù wọlé, o gba àmì mẹ́rin. Bí aṣọ́lé rẹ kò bá jẹ góòlù kankan, o gba márùn-ún, ṣùgbọ́n iye góòlù tó bá jẹ ni iye àmì tí yóò kúrò lára tìrẹ. Kò sí tẹ́tẹ́ nínú rẹ̀ nígbà náà, kò sì sí lónìí. Orúkọ ẹni tó bá borí ni a kàn ń kọ sókè. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé orí fóònù ni wọ́n ti bí fántásì. Wọn kò rí Sódìq pẹ̀lú bírò àti rúlà rẹ̀.

Nígbà mìíràn, bí iṣẹ́ bá dá, mo máa ń rántí bí a ṣe ń fẹsẹ̀ rìn dé Ìsúndúnrìn lọ wo bọ́ọ̀lù, bàtà lọ́wọ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà tètè jẹ. Ìwọ máa ń ṣáájú, ìwọ tí o kì í fẹ́ pẹ́ débi kankan. Sódìq máa ń wà lẹ́yìn, á máa ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kéú. Bí a bá ń padà bọ̀, a ó máa jiyàn lórí ẹni tó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí ẹni tó gbá a wọlé, títí a ó fi dé ìta ilé yín, tí màmá rẹ á sì ní kí á wá jẹun kí á yéé lo ohùn bí ẹyẹ ìbákà. Ọlọ́run kẹ́ màmá. Nígbà tí o lọ sí Àbíjáǹ, Sódìq kọ́ṣẹ́ réwáyà, èmi kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ṣọ́ọ̀bù wa sì fara kan ara. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀, tèmi. Bí iná bá kọ̀, tirẹ̀. Ọdún mẹ́fà rèé tó ti kú. Títí di òní, bí ọkọ̀ kan bá dé tí iná rẹ̀ kò tàn, mo ṣì máa ń yíjú sí ọ̀tún kí n tó rántí.

Ìwé Sódìq ti di ti ṣọ́ọ̀bù Fàòsíyà aránṣọ báyìí, ìwọ náà mọ̀. Òun ló ń gba orúkọ lọ́wọ́ wa, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, tó sì ń ya fọ́tò rẹ̀ sórí wọ́sáàpù kí ẹ̀yin tó wà lókè òkun lè rí i. Lẹ́yìn Iléyá ọdún yìí, tí wọ́n ti tètè lé ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin wa dànù, ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin ló kù fún wa. Jàmílàt tó ń ṣọ́lé fún wọn sì fi ọwọ́ rọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pàdé Ara. Ni wọ́n bá ní Sọ̀fíyátù, ọmọ Sódìq, ni yóò dúró. Ọjọ́ náà gan-an lo pè mí: “Wàhábì, ìwọ lo wà nílé. Ṣé ọmọ yẹn tó o, àbí kí n mú aṣọ́lé Ara?” Mo ní kí o fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ mẹ́ta náà, mo ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo lọ jókòó lórí táyà kan létí pápá, mo wò ó. Ohun tí mo rí nìyí. Ọwọ́ ọmọ náà rọ̀. Bọ́ọ̀lù kì í ta lọ́wọ́ rẹ̀, ńṣe ló ń gbà á bí ẹni ń gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Ojú rẹ̀ yá, kò sì bẹ̀rù àtiṣubú. Ṣùgbọ́n ìdajì ìdíje kan péré ló gbá rí láyé rẹ̀. Bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù láti igun tó bá gba òkè wá, á lẹ̀ mọ́ orí ìlà bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Kì í sì í sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ á máa forí gbárí, kò ní lè ní kí wọ́n kúrò. Ara ní ọmọbìnrin gíga kan, Àmínátù, ọmọ àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, tó ti fi orí gbá góòlù mẹ́rin wọlé nínú ìdíje méjì, láti igun ni gbogbo wọn. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀, mo ní góòlù méjì ni Sọ̀fíyátù yóò jẹ, ó kéré tán. Mo pè ọ́ ní Ọjọ́bọ̀, mo ní, “Má mú un.” O bèèrè ìdí. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa. Mùtàlíbù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa.

Ohun tó di mí lẹ́nu nìyí, n kò sì sọ ọ́ fún ọ rí. O rántí àṣekágbá ọdún 1993, àwa àti Ìsúndúnrìn. Ọ̀sẹ̀ náà ni Lùkmọ́nù, aṣọ́lé wa, bá bàbá rẹ̀ tó wá láti Àbíjáǹ lọ, ni wọ́n bá ti Sódìq sójú ilé, òun tí kò dúró síbẹ̀ rí. Ìwọ mú un sínú ìwé láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi jókòó, mo ṣe ìṣirò, mo kọ orúkọ aṣọ́lé Ìsúndúnrìn. Mo rò pé kò ní rí i títí a ó fi gbá bọ́ọ̀lù tán. Ṣùgbọ́n òun ló ni ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó ṣí i láti fa ìlà, ó wò ó, ó pa á dé. Ó ní, “Kò burú. Ìwọ lo mọ̀ mí jù.” Ó sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé pápá, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Nígbà tó jẹ ẹ̀kẹta, ìwọ fúnra rẹ lo gbé e dìde nílẹ̀. Kò ṣọ́lé mọ́ títí tó fi kú. Gbogbo èèyàn ní ẹ̀rù ló bà á. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé mo ti gbá góòlù kan sílé rẹ̀ kí á tó kúrò nílé.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, mo mú orúkọ mọ́kànlá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Fàòsíyà, aṣọ́lé Ara ló wà lókè. Sọ̀fíyátù, tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, wà nídìí máṣíìnì. Ó dìde, ó fi ìka tẹ̀ lé àwọn bébà tó wà lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, tìrẹ náà wà níbẹ̀. Ó ní, “Bàbá, kò sẹ́ni tó mú mi.” Ó na ọwọ́ sí bébà mi, mo gbé e fún un. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín. Mùtàlíbù, ẹ̀rín Sódìq ni, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti imú. Mo ní, “Mú un wá, jẹ́ kí n yí i padà.”

Ó di bébà náà mú. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má mú mi nítorí bàbá mi. Mo rí yín lórí táyà. Kí lẹ rí?”

Mo sọ fún un. Ohun tí n kò lè sọ lójú bàbá rẹ̀, mo sọ ọ́ fún un lójú Fàòsíyà: ìlà tó ń lẹ̀ mọ́, ẹnu tó ń dákẹ́. Kò bínú. Ó ní, “Báwo ni wọ́n ṣe ń pariwo láàárín èèyàn? Wọ́n ní ohùn ọmọbìnrin kì í ròkè.” Fàòsíyà ní, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kò tíì gbọ́ ohùn mi rí.” Ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọjá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tan ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì kan tí mò ń tún ṣe, mo ní kí Sọ̀fíyátù dúró ní òdìkejì, kí ó máa wí pé “Tèmi ni!” títí n ó fi gbọ́. Nígbà àkọ́kọ́, ètè rẹ̀ nìkan ni mo rí. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀kẹjọ, àwọn ọlọ́kadà ojú títì ti ń wẹ̀yìn. Mo wá ń sọ bọ́ọ̀lù sókè, òun ń jáde wá já a gbà. Ó tàsé púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jáde.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni ìwé máa ń tì. Kí á tó lọ kírun, mo pa orúkọ aṣọ́lé Ara rẹ́, mo kọ Sọ̀fíyátù. Bóyá nítorí ohun tí mo rí láàárọ̀ yẹn ni, bóyá nítorí Sódìq ni, n kò lè búra. Mo gbé fóònù láti pè ọ́. Mo mọ̀ pé o máa bèèrè ohun tó yí mi lọ́kàn padà, n ó sì ní láti sọ ọ̀rọ̀ 1993. Ojú tì mí. Mo fi fóònù sápò, mo lọ ṣe àlùwàlá. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Àwa méjì ni Sódìq fi sáyé nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo sì jẹ́ kí ìwọ nìkan dà bí ẹni tó kẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀.

O ti gbọ́ èsì ìdíje náà, ṣùgbọ́n o kò rí i. Kò pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni Ara gba bọ́ọ̀lù igun. Sọ̀fíyátù jáde, ó ní “Tèmi ni!”, gbogbo pápá gbọ́. Bọ́ọ̀lù sì gba orí ìka rẹ̀ kọjá, Àmínátù kàn án wọ ilé tó ṣófo. Àwọn èèyàn Ara rẹ́rìn-ín, àwọn tiwa náà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, “Ta ló rán an kó jáde?” Ojú inú mi rí bàbá rẹ̀ nílẹ̀ ní Ìsúndúnrìn, mo fẹ́ dìde máa lọ. Ara tún gba igun mìíràn. Mo sọ nínú mi pé kò tún ní kúrò lórí ìlà mọ́, ta ni yóò sì bá a wí? Mùtàlíbù, ó jáde. Ó pariwo, àwọn tó wà níwájú rẹ̀ yà fún un, ó sì já bọ́ọ̀lù náà lókè orí Àmínátù bí ẹni já ọsàn. Lẹ́yìn ìyẹn, Ara gba igun márùn-ún sí i. Márààrún ló jáde sí. Góòlù kan yẹn náà ni wọ́n fi nà wá. Ìwọ gba àmì márùn-ún lórí aṣọ́lé wọn, o sì borí gbogbo wa. Èmi ni mo gbẹ̀yìn, mo sì ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé tí mò ń rẹ́rìn-ín bí wèrè.

Nígbà tí ohùn rẹ dé, ọkàn mi dàrú. Mo lọ bá Sàrátù, ìyàwó Sódìq, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń bó ẹ̀gúsí, kò dáwọ́ dúró. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Bàbá Ràshídátù, ọkọ mi kò sọ irú èyí fún mi rí. Ohun tó sọ ni pé láti kékeré ni bọ́ọ̀lù ti máa ń ba òun lẹ́rù, pé ọjọ́ tí wọ́n ní kí òun má ṣọ́lé mọ́ ni òun sinmi.” Mo jókòó síbẹ̀ bí òmùgọ̀. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n! N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ fún ìyàwó rẹ̀, àbí ó fi dáàbò bò mí ni. Sàrátù náà kò mọ̀. Ó bu ẹ̀gúsí sínú àwo kan, ó gbé e síwájú mi, a sì jọ ń bó o títí ó fi tán.

Ọ̀rẹ́ mi, dárí jì mí. Ìmọ̀ràn tí mo fún ọ, òótọ́ ni mo fi fún ọ. Nígbà tí ọkàn mi yí padà ni n kò ṣe òótọ́. Sọ̀fíyátù kò bínú sí ọ rárá. Nígbà tí Fàòsíyà ka àmì tán, ọmọ náà ní kí n kí Tọ́ńtọ́n Àbíjáǹ (ìwọ ló ń pè bẹ́ẹ̀), kí n sọ fún un pé ó yan dáadáa.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ níbi tí o wà, kí ó ṣọ́ àwọn tí o bí. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má ṣe bàjẹ́. Kí Ọlọ́run kẹ́ Sódìq, kí ó sì jẹ́ kí àwa tó kù fi ojú kan ara wa kí ọdún yìí tó parí. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti orí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé,
Wàhábì.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: Sátidé ọjọ́ kejìlá oṣù yìí, àwa àti Ìsúndúnrìn ni. Ọwọ́ Jàmílàt ti san, ṣùgbọ́n kóòṣì ní Sọ̀fíyátù ni yóò tún dúró. Má bi mí bóyá kí o mú un. Mo ti fún un ní nọ́ńbà rẹ. Ó ní òun fúnra òun ni yóò sọ ibi tí òun dáa sí àti ibi tí òun kò dáa sí fún ọ. Bí nọ́ńbà Nàìjíríà kan tí o kò mọ̀ bá pè ọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, jọ̀wọ́, gbé e.