Smaranda Wà Nínú Ilé Àgùntàn

Ilé Floarea Țugui,
Lẹ́yìn Ilé Ọlọ,
Abúlé Valea Sorbului,
Romania.
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹrin, ọdún 2023.

Alága Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́,
Ẹ̀ka Ìwòsàn Ẹran,
Ilé Yunifásítì,
Òpópónà Teilor.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ PA “KÒ SÍ LẸ́NU IṢẸ́” RẸ́ LÓRÍ ORÚKỌ SMARANDA CERNAT

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìmúra ọdún Àjíǹde. Mo kí àwọn ará ilé yín, mo kí àwọn ọmọ, mo kí ẹni tó ń se kọfí fún yín ní ọ́fíìsì. Òtútù ti ń lọ níhìn-ín, igi èso ẹ̀yìnkùlé ti ń tanná, ara mi náà le, àfi orúnkún, orúnkún ọ̀hún náà ò sì fi bẹ́ẹ̀… Kí ni mo tilẹ̀ ń kí yín sí? Ẹ ní kí ọmọ ọlọ́mọ lọ tún odindi ọdún kan kà, ẹ ní kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ wá wò ó. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi tí mo parọ́ pé kò sí ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ilinca, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́, torí mi ò mọ̀wé. Ó ní irú lẹ́tà yìí gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà. Ó dáa, nọ́ńbà rèé.

1. Oṣù Kejì ni ẹ fi Smaranda ránṣẹ́ sí mi pé kó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Bàtà funfun ló wọ̀ dé. Kò sí eegun ara àgùntàn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan húkọ́ lẹ́yìn rẹ̀, orí ọgbà onígi ló fò gùn. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, “Dókítà, sọ̀ kalẹ̀, kì í jẹ èèyàn.” Dókítà náà ni mò ń pè é títí dòní.

2. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ ti ń mọ ọmọ tó bá dábùú nínú ìyá. Èmi kì í ṣàlàyé, ẹ̀yin ọ̀gá. Wọn ò ṣàlàyé fún èmi náà. Mo máa ń gbé ọwọ́ mi lé ọwọ́ rẹ̀, a ó sì jọ wá ọmọ náà kàn. Lọ́jọ́ kan mo yọ ọwọ́ tèmi. Kò mọ̀ pé mo ti yọ ọ́.

3. Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta, àgùntàn kan kú sórí ìkúnlẹ̀, ó fi ọmọ sílẹ̀. Láàárọ̀ yẹn kan náà, òmíràn bí òkú ọmọ. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, awọ òkú ọmọ yẹn là ń bó, tí a ó wọ̀ ọ́ fún ọmọ òrukàn bí ẹ̀wù, kí ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú lè gbóòórùn ọmọ tirẹ̀ lára rẹ̀. Smaranda ló bó o. Ó ń sunkún, àmọ́ ó bó o tán, ó sì wọ̀ ọ́ fún ọmọ òrukàn náà.

4. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú àjèjì kò gbọdọ̀ kan ìyá àti ọmọ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó wọ̀ ọ́ lẹ́wù nìkan ló ń bá wọn gbé. Bí àlejò bá yọjú, ìyá á ta ọmọ nípàá, kò sì ní gbà á mọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi wá pé ta ló wà níbẹ̀, “Kò séèyàn” là ń fèsì. Bẹ́ẹ̀ la bá a lọ́wọ́ ìyá ìyá mi. Bí àlùfáà wa bá béèrè tó sì gbọ́ bẹ́ẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á súre, á bá tirẹ̀ lọ.

5. Ọjọ́ kejì ni olùkọ́ yín, Ọ̀gbẹ́ni Prodan, dé láìránṣẹ́ ṣíwájú. Mo gbé mamaliga àgbàdo àti wàràkàṣì fún un, ó jẹun dáadáa. Ó béèrè Smaranda. Mo ní, “Kò sí.” Ó ní ṣé ó lọ sílùú ni. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wo bàtà funfun tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí lójú, ó kọ nǹkan sínú ìwé. Mo rò pé ó yé e bó ṣe ń yé àlùfáà. Mo tiẹ̀ ṣẹ́jú sí i. Ó jọ pé wọn kì í ṣẹ́jú síra wọn nílùú. Mi ò dá a lẹ́bi.

6. Ẹ̀yìn pákó ilé àgùntàn ni Smaranda wà, kò tó ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí wa. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì mọ ohun tí wọ́n á kọ. Èmi ni mi ò mọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ olùkọ́ lọ tán, mo bi í pé kí ló dé tí kò tiẹ̀ húkọ́. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló dá mi lóhùn: “Màmá, àgùntàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọmọ náà ni.”

7. Nígbà tí ẹ pè é, tí ẹ ní kó wí tẹnu rẹ̀, ó dákẹ́, kó má baà pe arúgbó ní òpùrọ́ níwájú yín. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá yìí ni Ilinca fa ọ̀rọ̀ náà yọ lẹ́nu rẹ̀ lórí fóònù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí jọ lọ́kàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán Ọ̀gbẹ́ni Prodan padà wá. Èmi fúnra mi ni n ó ṣílẹ̀kùn. Ọmọ àgùntàn yẹn ń bẹ, a so òwú pupa mọ́ ọn lọ́rùn, ó ti sanra, a ò sì ní pa á lọ́dún Àjíǹde yìí. Kí olùkọ́ náà ní kí Smaranda gbọ́wọ́ lé àgùntàn èyíkéyìí tó bá wù ú, kó wá wò ó. Bó bá di dandan kí ẹnì kan fìdí rẹmi, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èmi. Ẹnikẹ́ni ò dán mi wò rí, ìdánwò kìíní mi nìyẹn, mo sì ti gbà pé mo kùnà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀ títí débí. Àtàǹpàkò mi ló wà nísàlẹ̀ yìí. Dúdú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí, ọ̀rá irun àgùntàn ni, kò ṣeé fọ̀ kúrò.

Èmi ni tiyín, tí àgùntàn ò jẹ́ kó ráyè wá fúnra rẹ̀,
Floarea Țugui,
Olùtọ́jú àgùntàn, ọ̀gá Smaranda lẹ́nu iṣẹ́.

Ilinca, ó tó. Kà á sí mi létí báyìí, rọra kà á. Má sì fo ibi tí mo ti parọ́. Ibẹ̀ gan-an ni kí o kà sókè.