Ara Mi Ló Wà, Dókítà Maṣíìnì

Ìyàwó mi, ọdún márùn-ún rèé tí wọ́n gbé ọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, tí o kò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ jáde. Ọdún márùn-ún gbáko. Àwọn aránṣọ àdúgbò ṣì ń pè ọ́ ní Dókítà Maṣíìnì. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ tó dákú tí o kò lè jí.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ ò tì. Àbúrò rẹ obìnrin ló wà níbẹ̀. Ó ti gba ọwọ́ iṣẹ́ rẹ débi pé ó máa ń kọ́kọ́ fi etí sí ẹ̀rọ kó tó tú u. Ilé wa náà ti parí, èmi ni mo fọwọ́ ara mi jó irin fèrèsé rẹ̀. Yàrá tí o ní ká kùn ní àwọ̀ ojú sánmà fún àwọn ọmọ, irin àti ọ̀dà ni mo kó sínú rẹ̀.

Ọdún mẹ́jọ la fi wà pọ̀ láìbímọ. Ìwọ ni wọ́n ń pè ní àgàn. Màmá mi ló kọ́kọ́ pè ọ́ bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀, èmi sì dákẹ́. Dókítà ní kí àwa méjèèjì wá ṣe àyẹ̀wò. Mo ní ọkùnrin tó ń fi èjìká gbé géètì irin, kí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò lára rẹ̀? Ìwọ nìkan lo lọ. Ìwọ nìkan ni wọ́n là níkùn, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kejì lo bá lọ.

Kò pé ọdún kan tí màmá ti wá ìyàwó mìíràn fún mi. Ìyàwó náà lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, kò lóyún. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹ lọ yẹ ara yín wò kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ikùn mi."

Mo lọ. Wọ́n ní kò sí irúgbìn ọmọ kankan nínú àtọ̀ mi. Wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ mi. Dókítà obìnrin kan wá fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Ó ní àkọsílẹ̀ kan wà nínú ara gbogbo ẹ̀dá, DNA ni wọ́n ń pè é, ohun tó bá wà níbẹ̀ ni ara ń tẹ̀ lé. Ní apá tí ọkùnrin nìkan ń ní, ègé kan ti já kúrò lára tèmi, ègé yẹn gan-an ló sì ń darí bí ara ṣe ń ṣe irúgbìn ọmọ. Ìyókù pé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní irùngbọ̀n àti agbára, tí mi ò fi fura. Kò sí oògùn tó lè dá a padà.

"Láti ìgbà wo?" ni mo bi í.

"Láti inú oyún," ló dá mi lóhùn. "Kẹ́ ẹ tó mọ obìnrin kankan."

Ìyàwó kejì kó ẹrù rẹ̀. Kò bú mi.

Mo sọ fún màmá. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ta ló tún gbọ́?" Ó ní kí n pa á mọ́ra, pé òkú ò kúkú gbọ́ èébú mọ́.

Mo lọ bá àbúrò rẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gbọ́ mi tán, kò gbójú sókè, ó ń de bọ́ọ̀tù ẹ̀rọ kan lọ. Ó ní, "Bọ̀dá, èmi kọ́ ni mo bú u. Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti bú u."

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, níbi ìpàdé ẹbí, ní pálọ̀ màmá, mo dìde, mo ka èsì àyẹ̀wò náà sí wọn létí. Mo ní ìwọ kọ́ lo yàgàn, èmi ni. Àbúrò bàbá mi ní kí ló dé tí mò ń bọ́ra síhòòhò lójú gbogbo ayé. Mo ní ọdún mẹ́jọ lẹ fi bọ́ aṣọ lára ẹlòmíì, ẹ ò kà á sí ìtìjú. Màmá dìde, ó wọ yàrá, ó ti ìlẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì.

Mi ò sọ ọ́ kó o lè dárí jì mí. Wọ́n ti là ọ́ tán kí òtítọ́ tó dé, èmi ni mo sì dá òtítọ́ dúró. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún lè pe orúkọ burúkú yẹn mọ́ ọ níṣojú mi.

Àárò rẹ ń sọ mí, ìyàwó mi. Mo fẹ́ràn rẹ. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ yẹn nígbà tí o ṣì wà láyé, tí o jókòó tì mí, tí ò ń retí kí n la ẹnu.