Àwọn Tó Jókòó sí Pálọ̀ Wa

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Agbẹ̀bí, ìyàwó mi, kí ènìyàn lónìí. Ọ̀sán gangan. Mo wà nídìí maṣíìnì, mò ń ká etí ṣòkòtò akọ̀wé kan, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní pálọ̀: "Ẹ káàsán o. Ẹ jókòó, ẹ jókòó." Mo bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn, mo lọ wò ó bóyá oníbàárà ló gba ẹ̀yìn wọlé. Kò sí ẹnì kankan. Ìyàwó mi nìkan ló dúró láàárín ilé, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí àga gígùn tó wà lábẹ́ fèrèsé. Àga òfìfo.

Mo bi í pé ta ló ń kí. Ó ní òun ń dánra wò ni, kí ẹnu má baà gbàgbé. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tó ń jáde, ó rọra yà fún àga náà bí ẹni tí kò fẹ́ tẹ ọmọ lẹ́sẹ̀.

Ojú rẹ̀ ti ń lọ láti bí ọdún méjì. Àárín ló kọ́kọ́ ṣú, ẹ̀gbẹ́ ṣì ń ríran díẹ̀. Ó ní òun ń rí etí mi méjèèjì, òun kò rí imú, àti pé òun kò pàdánù nǹkan kan níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ó tún kí wọn. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ó jẹ́wọ́. Mo ń bá a fi òwú sí abẹ́rẹ́ — òun tó máa ń fi sí i fún mi tẹ́lẹ̀ — ló bá dédé sọ pé ọmọdé ni wọ́n. Mẹ́rin. Wọ́n jókòó létí ara wọn lórí àga gígùn, ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Irun wọn tutù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í ṣeré. Wọ́n kàn ń wò ó.

Mo ní kí ni wọ́n wọ̀. Iṣẹ́ ẹni kì í fi ẹni sílẹ̀. Ó ka bọ́tìnnì aṣọ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún mi, ó sọ àwọ̀ òwú tí wọ́n fi dá ihò rẹ̀. Obìnrin tí kò rí àwo oúnjẹ níwájú ara rẹ̀! Ó ka bọ́tìnnì!

Ó ní kí n má sọ fún Tíṣà, ọmọ wa. Mo ṣèlérí. Kí ni n bá sọ? Èmi náà ní tèmi tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni: àyà mi, ní òsì, bí mo bá gun àtẹ̀gùn ilé aláṣọ. Bí ọwọ́ tó di nǹkan mú tí kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Á tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó tú.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Tíṣà dé. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Látìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tó ń fi ìgbálẹ̀ halẹ̀ mọ́ àwọn ìrọ̀rí pé wọn ò mọ ìṣirò, la ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó sì padà di tíṣà ìṣirò lóòótọ́. Oyún àkọ́kọ́, oṣù tó ń lọ yìí ni yóò bí. Ọkọ rẹ̀, Atukọ̀, wà lójú òkun títí di ìparí oṣù, ìdí nìyí tó fi wá bímọ sọ́dọ̀ wa.

Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, òun wá tẹ̀lé e. Agbẹ̀bí dì mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́. Láti ẹ̀gbẹ́, bí àlejò.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Àwọn ọmọ orí àga ti pé méje. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. N kò fẹ́ mọ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

A lọ rí dókítà ojú. A sọ fún Tíṣà pé awò tuntun la fẹ́ lọ gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ní sùúrù, kò fi wá rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe wèrè, kì í ṣe iwin. Bí àárín ojú bá ti kú, ọpọlọ kì í fẹ́ àyè òfìfo, á máa ya àwòrán dí i. Ó ní ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń rí irú rẹ̀, ẹ̀rù ni kì í jẹ́ kí wọ́n sọ. Kó máa ṣẹ́jú lemọ́lemọ́, kó máa tan iná, wọn yóò lọ.

Ọkàn mi fúyẹ́ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ súfèé lójú ọ̀nà. Agbẹ̀bí náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọpọlọ òun ti di ayàwòrán lọ́jọ́ ogbó. Ìgbà tí a dé ẹnu géètì ló dúró.

"Dókítà ò béèrè bóyá mo mọ̀ wọ́n."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ó mọ̀ wọ́n.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi gbẹ̀bí. Ọmọ tó gba ọwọ́ rẹ̀ wá sáyé ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ. Méje ni kò ké. Ó rántí ìyá kọ̀ọ̀kan, yàrá kọ̀ọ̀kan, bóyá òjò rọ̀ tàbí oòrùn ràn. Ó ní àkọ́kọ́ nínú wọn ìbá ti níyàwó nílé báyìí. Àmọ́ bákan náà ni gbogbo wọn rí lórí àga yẹn, bí ọmọ ọdún mẹ́fà, bí ìgbà tí wọ́n dàgbà díẹ̀ tí wọ́n wá dúró de ara wọn.

Mo ní ṣé inú ń bí wọn ni. Ó ronú. Ó ní rárá. Ó ní wọ́n jọ ẹni tó jókòó de nǹkan.

Ìdí nìyẹn tí kò fi fọwọ́ kan ikùn Tíṣà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Àyà, lórí àtẹ̀gùn. Ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀. Mo jókòó, mo gbé aṣọ lé itan, mo ṣe bí ẹni tó ń wo ojú híhun rẹ̀. Aláṣọ ní, "Bàbá Télọ̀, aṣọ yìí dára, àbí?" Mo ní ó dára.

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

N kò lè pa àdéhùn mọ́.

Tíṣà bá mi nídìí maṣíìnì, ó jókòó sórí àpótí oníbàárà. Ó ní, "Dádì, kò sí aboyún ládùúgbò yìí tí Màámi ò fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ rí. Wọn ò tíì kan tèmi. Kí ni mo ṣe fún wọn?" Mo wo ojú ọmọ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀: àwọn méje, dókítà ojú, irun tó tutù. Mo rò pé yóò sunkún. Kò sunkún. Ó fọwọ́ ti ẹ̀yìn, ó dìde, ó lọ sí pálọ̀, mo tẹ̀lé e.

Ó lọ tààrà síbi àga gígùn náà. Ìyá rẹ̀ ní, "Má jókòó síbẹ̀." Tíṣà ní ṣé wọ́n wà níbẹ̀ ni. Tíṣà rọra jókòó.

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti sún fún ọ."

Òtútù mú mi nínú oòrùn ọ̀sán. Àmọ́ ọmọ mi, mo kí i, kò mira. Ó nawọ́ mú ọwọ́ ìyá rẹ̀ méjèèjì, ó fi lé ikùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ náà kú bí ìbọ̀wọ́. Ó ṣe díẹ̀, àwọn ìka jí. Mo rí i bí wọ́n ṣe jí. Wọ́n ń wá, wọ́n ń tẹ̀, wọ́n ń dúró, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń fi ìka wá ojú rírán lábẹ́ aṣọ dúdú. Ojú Agbẹ̀bí yí padà. Ẹ̀rù kọ́ ni mo rí níbẹ̀. Iṣẹ́ ni.

Ó ní, "Orí ló wà lókè yìí. Ọmọ yìí jókòó, kò dorí kodò. Ẹ wá ọkọ̀."

Ilé ìwòsàn yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Wọ́n dá ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ béèrè ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Tíṣà nawọ́ sí ìyá rẹ̀ tó ń wo ògiri. Afọ́jú tó ń ríran, báwo la ṣe ń ṣàlàyé ìyẹn?

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ó ní wọ́n ti dìde. Méjèèje. Wọ́n dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá Tíṣà láti àárọ̀. A kò sọ fún Tíṣà. Mo gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ní "ẹ jọ̀ọ́".

Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Obìnrin. Ó ké.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, àga onírin, òórùn oògùn. Wákàtí méjì. Agbẹ̀bí di ọrùn ọwọ́ mi mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dà bíi pé ó ń ka nǹkan, mo rò pé àdúrà ni. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ igbe náà, èmi kò tíì gbọ́. Ó ní, "Ó ké." Ẹ̀yìn náà lèmi gbọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun tún gbọ́. Ọmọ náà sì ké, ó ké, ó ké, bí ẹni tí wọ́n ní kó ké fún ẹni mẹ́jọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ara Tíṣà ń yá. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò dá wọn sílẹ̀. Èmi àti Agbẹ̀bí wá sílé lọ́sàn-án láti wẹ̀. Ó dúró ní pálọ̀, ó yí orí síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní àwọn ọmọ ti lọ, gbogbo wọn. Mo dúpẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí àga gígùn náà fún ayọ̀, ló bá na ọwọ́ dá mi dúró.

Ó ní ọkùnrin kan ló kù.

Mo ní kí ló wọ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù, ó ní, kọ́là rẹ̀ dúró, òwú funfun ìlà méjì yí etí àpò ká. Ọ̀tún ni àpò náà wà.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nípa aṣọ yẹn. Aṣọ náà ṣì wà ní kíká lábẹ́ maṣíìnì, n kò tíì fi ṣọ́ọ̀kì kàn án. Fún ọjọ́ tí wọn yóò gbé ọmọ wálé ni mo fẹ́ rán an. Ọ̀tún ni mo pinnu láti fi àpò sí, nítorí òsì kò fẹ́ kí nǹkan kan kàn án mọ́. Bóyá mo ti ń dá sọ̀rọ̀ nídìí maṣíìnì láìmọ̀. Bóyá.

Mo bi í pé ojú ọkùnrin náà ńkọ́. Ó ní ẹ̀yìn ló kọ sí òun. Ó sì mú ọrùn ọwọ́ mi. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà ló ń kà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Láti ìgbà wo ni ọkàn yín ti ń fo báyìí?"

Mo sọ fún un. Àtẹ̀gùn, ilé aláṣọ, gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n máa sọ tèmi, ẹ sì ń gbé tiyín mì." Ogójì ọdún tí a ti fẹ́ra, ìtìjú kò mú mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Dókítà ọkàn. Àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti há, méjì nínú wọn há gan-an. Ọjọ́ Ajé ni wọn yóò ṣiṣẹ́ sí i. Ó ní ó yẹ kí n ti wá tipẹ́. Agbẹ̀bí béèrè ìbéèrè mẹ́sàn-án. Dókítà dáhùn mẹ́jọ.

Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Tíṣà gbé ọmọ wálé. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Nígbà tí mo wá aṣọ búlúù lábẹ́ maṣíìnì, n kò rí i. Agbẹ̀bí ti gbé e, ó ti fi ọwọ́ lásán wá ojú rẹ̀, ó ti fi sísọ́ọ̀sì mi gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ó fi ṣe aṣọ ìnudí ọmọ. Gígé rẹ̀ wọ́ kọjá àtúnṣe. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́. N kò bá a jà.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Atukọ̀ dé láti ojú òkun. Ó gbé ọmọ rẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

Àìkú, ọgbọ̀njọ́

Báàgì ti wà nílẹ̀. Ọ̀la, aago méje àárọ̀.

Tíṣà àti ọkọ rẹ̀ ń sinmi. Èmi àti Agbẹ̀bí jókòó ní pálọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọmọ wà láyà rẹ̀, oòrùn kún ilẹ̀. Ilé dákẹ́. N kò fẹ́ béèrè. Mo béèrè: ṣé ọkùnrin yẹn ṣì wà níbẹ̀?

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò purọ́ fún ìyá ọmọ kankan rí. Mo mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ó kọjú sí fèrèsé, sí àga gígùn, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn pẹ́ láti wo àga òfìfo.

Ó ní, "Ó ti kọjú sí mi."

N kò béèrè ojú ta ni. Ó gbé ọmọ sí apá kan, ó wá ọrùn ọwọ́ mi, ó rí i. Ẹnu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó ń kà. Oòrùn ti kúrò ní fèrèsé báyìí, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni mo fi ń kọ èyí, ó ṣì ń kà.