Ọwọ́ Ọ̀tún Ń Sinmi

Màmá mi, salamu aleikun. Ìlọrin ńkọ́? Ṣé ọjà ń tà ní ṣọ́ọ̀bù yín ní òpópónà Táíwò?

Ẹ má bínú pé ìwé yìí rí wúruwùru, ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́. Ọ̀tún ń sinmi ni.

Lánàá, epo tán lókè nínú bàálù kékeré tí mo fi ń kọ́ṣẹ́ ní Kẹ́ńyà níbí. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́, gbogbo ayé sì bá a dákẹ́. Mo ń rọra bọ̀ wálẹ̀ bí ewé. Oko àgbàdo kan tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, ó jọ oko Bàbá débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ké sí wọn. Ibẹ̀ ni mo bà sí. Àgbàdo gbà mí mọ́ra.

Àwọn nọ́ọ̀sì ibí mọ èèyàn tọ́jú gan-an.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í gba nǹkan ọwọ́ òsì. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ọ̀tún ni mo fi kọ ọ́.

Ọmọ yín,
Àbdùlkàdírì