Fayolíìnì Tí Ẹ Ní Kí N Fi Ránṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àárò ilé. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ara Màmá ti ń yá. Ẹsẹ̀ wọn tó wú ti lọlẹ̀, wọ́n sì ti ń bú wa bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá ti pààrọ̀ páànù tó ń jò.

A wo fídíò eré fayolíìnì yín. Nígbà tí ẹ pe ọmọbìnrin tí ẹ ń kọ́ níṣẹ́ jáde, tí ẹ ní, "Àbúrò mi nìyí," Màmá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ náà pàtẹ́wọ́, àbí ọwọ́ ń dùn ẹ́ ni?" Mo ní ó ń dùn mí.

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò tíì fi fayolíìnì yín àtijọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Mo purọ́ fún Màmá pé wọ́n ti ti ilé ìfìwéránṣẹ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ṣí ìwé orin fún yín, mi ò sì pẹ́ ṣí i rí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ orin kà. Ẹ ò bi mí rí bóyá èmi náà fẹ́ kọ́ ọ. Nínú fídíò yẹn, ẹ di ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú, ẹ rọra tún un ṣe. Mo jowú rẹ̀ débi pé mi ò lè jẹun.

Tí ẹ bá ṣì ní òun ló ni ín, màá wé e dáadáa, màá fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá lè fi í sílẹ̀ fún mi, ẹ kọ̀wé sí mi bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta á mú.

Kí Ọlọ́run máa bá yín ṣọ́ ìka yín.

Èmi, ọmọ ìyá yín.