Ìwé Ìbéèrè Tí Mo Fi Irọ́ Dáhùn

Adakplamè,
ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, 1986

Sidonie ọmọ mi,

Olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé ní kí a máa kọ́kọ́ kọ ọ́, bí ìjọba ṣe fẹ́, pé ìjàkadì ń tẹ̀síwájú, nítorí náà ó ń tẹ̀síwájú. Lẹ́yìn ìyẹn, mo kí ọ ní orúkọ Jésù. Ṣé ara rẹ le, ṣé oúnjẹ Kùtọnu sì ń bá ọ lára mu? Ìyá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó wú ti ń wọ bàtà, àgbàdo wa náà sì ti yọ irun. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ Firmin ni mo fẹ́ sọ, ojú sì ń tì mí. Ìwé ìbéèrè tí o fi ránṣẹ́ nípa rẹ̀ láti ilé ìwòsàn tí o ti ń ṣiṣẹ́, irọ́ ni mo kọ sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ó dé gan-an ni delegé tí ó ń ṣojú ìjọba lábúlé wa ń kọ orúkọ àwọn tí kì í wá sí iṣẹ́ ìlú, ìwé tìrẹ náà sì ní òǹtẹ̀ pupa lórí. Mo kà á: ṣé ó máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí, ṣé ó máa ń dìde nígbà tí àwọn yòókù bá jókòó, ṣé ó ń mutí. Mo ní wọ́n ti fi ẹjọ́ ọmọ mi sùn. Àwọn àpótí kéékèèké tí ó wà níwájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, mo rò pé yàrá ẹ̀wọ̀n ni, pé iye tí mo bá sàmì sí ni iye oṣù tí yóò lò níbẹ̀. Ni mo bá kọ ọ́ pé Firmin kì í gbàgbé nǹkan, ọtí kò kan ètè rẹ̀ rí. Mo tún fi kún un pé ó fẹ́ràn ìpàdé.

Nígbà tí o kọ̀wé pé dókítà ní ara ọkùnrin yìí le ju tòun lọ, pé òun ti fi àyè rẹ̀ fún aláìsàn mìíràn, mo kọ́kọ́ dúpẹ́. Ìyá rẹ ló ní kí n ka ìyókù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn kì í balẹ̀, tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan, pé kì í ṣe àfojúdi, pé ó máa ń bá àwọn mìíràn dàgbà, àti pé ọ̀pọ̀ wọn ló ń wá ìsinmi lọ sínú ọtí. Omi bọ́ lójú mi.

Òótọ́ rèé. Oko ẹ̀gẹ́ mẹ́ta ni Firmin bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, kò parí ọ̀kan. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ ra iyọ̀ ní Kétu, ó fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀, kò mú iyọ̀ wá, kò sì rántí ibi tí kẹ̀kẹ́ wà. Honorine ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Odomèta, ó ní bí Firmin kò bá jáwọ́ nínú ọtí sódabì kí a tó kórè àgbàdo, òun kò padà mọ́.

Mo tún fo ìbéèrè kan, èyí tí ó ní ta ló kọ́kọ́ fún un lọ́tí. Èmi ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà náà, a jọ ń hun agbọ̀n, ó ń dìde, ó ń jókòó, mo sì ti nà án títí ó fi sú mi. Ni mo bá bu sódabì díẹ̀ fún un kó lè jókòó. Ó sì jókòó. Ó hun agbọ̀n náà parí, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo tún fi bu fún un lọ́jọ́ kejì. Ó ń dùn mí, Sidonie, ó ń dùn mí gan-an.

Jọ̀wọ́, mú lẹ́tà yìí lọ bá dókítà, kúnlẹ̀ fún un, sọ pé èmi ni mo purọ́, kì í ṣe Firmin. Fi owó ọkọ̀ èmi àti òun ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi í lé Firmin lọ́wọ́. Bí ó bá ṣẹ́kù, ra bíìkì ìkọ̀wé kan fún mi, èyí tí mo ń lò ti ń gbẹ. Ọlọ́run yóò dá ọ sí fún wa, ibi tí o bá yà sí yóò gbà ọ́, àwọn ọmọ tìrẹ yóò rí ẹni tí ọ̀rọ̀ wọn yóò tètè yé.

Èmi bàbá rẹ,
Ọlátúndé

Mo ka gbogbo rẹ̀ sí Firmin létí. Kò bínú sí mi. Ó ní òun náà fẹ́ kọ tòun síbí:

Àbúrò mi Sidonie, mo fẹ́ wá. Mo bẹ̀ ọ́, sọ fún dókítà pé

Ó ti dìde, ó ní òun gbọ́ ewúrẹ́ kan lẹ́yìnkùlé. Awakọ̀ tí yóò mú lẹ́tà lọ ti ń fọn fèrè, Firmin kò sì tíì padà wọlé. Má ṣe bá a parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fi í han dókítà bẹ́ẹ̀.