Màmá Tyyne Rautamäki, Ẹni Tó Ń Tì Wá Jáde Lọ Kanlẹ̀kùn (1943–2023)

Abúlé Hiekkaranta, létí adágún Oulujärvi, ni wọ́n ti bí màmá wa, Tyyne Orvokki, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1943. Eemeli Piippo, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ni bàbá wọn. Saimi ni ìyá wọn. Ẹni jẹ́jẹ́ ni àwọn Piippo. Wọ́n ní bí Piippo méjì bá pàdé lọ́nà, ìkíni ẹnìkan ti tó fún àwọn méjèèjì.

Màmá jáde ilé ẹ̀kọ́ oníṣòwò ní Kajaani ní 1963. Ní 1966, wọ́n fẹ́ Reino Rautamäki, tó ń pín lẹ́tà.

Ní 1968, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ìbọ̀wọ́ onírun àgùntàn. Ìbọ̀wọ́ náà dára, ṣùgbọ́n màmá kò gbé pátákó síta, nítorí pé fáàrí ni lójú wọn. Wọ́n tún fa kọ́tìnì bo fèrèsé, kí ẹni tó ń kọjá má baà rò pé dandan ni kí òun wọlé. Àwọn ará àdúgbò rò pé wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ níbẹ̀ ni. Kò pé ọdún méjì tí ṣọ́ọ̀bù náà fi kógbá sílé. Màmá sunkún, lẹ́yìn náà wọ́n gba iṣẹ́ ní ilé ìkàwé ìlú.

Láti 1984, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń jókòó sídìí tábìlì kan níbẹ̀, tí wọ́n ń gba àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀ nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á bu kọfí fún wọn, wọ́n á wá ìwé tó wúlò fún wọn, wọ́n á sì júwe oníṣẹ́ àgbà tó lè kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó kọ ètò òwò, ó ní láti kọ́kọ́ bá èèyàn mẹ́wàá tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ọjà rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú wa, àti bọ́ sínú adágún nígbà òtútù rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 2009, Venla Kokkoniemi wá. Ó fẹ́ máa ta búrẹ́dì dúdú. Bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn, òun nìkan sì ni ọmọ. Bí òwò náà kò bá dúró kí òtútù tó dé, yóò ní láti lọ wáṣẹ́ sí Helsinki, kí ó sì fi bàbá sílẹ̀ sọ́wọ́ àwọn àjèjì. Ó wakọ̀ dé iwájú ilé ẹni àkọ́kọ́ nínú mẹ́wàá náà, ó sì jókòó sínú ọkọ̀ fún odidi wákàtí kan. Onílé ló pe màmá lórí fóònù pé ọmọbìnrin kan ń ṣọ́ ilé òun. Màmá gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀.

“Sọ̀ kalẹ̀ jàre. Wọn ò ní pa ẹ́ jẹ.”

“Kí ni kí n wí, Màmá?”

“Sọ pé búrẹ́dì ẹ dùn.”

“Háà! Fáàrí nìyẹn!”

“Ṣé kò dùn ni?”

“Ó dùn gan-an.”

“Ẹní bá dákẹ́, tara ẹ̀ a bá a dákẹ́. Lọ kanlẹ̀kùn, ọmọ mi.”

Venla kanlẹ̀kùn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá, èèyàn ti ń tò síwájú ilé búrẹ́dì rẹ̀. Kò lọ Helsinki mọ́. Ọdún mẹ́fà ló fi tọ́jú bàbá rẹ̀, orí ibùsùn ara wọn ni bàbá sì kú sí.

Ọmọ ìjọ Lútérà ni màmá. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni tiwọn, wọn kì í sì í pa ìsìn jẹ.

Ní ìparí oṣù kìíní ọdún yìí, màmá ṣubú nílé. Helsinki ni iṣẹ́ kó àwa ọmọ lọ, ìjì yìnyín sì dá ọkọ̀ ojú irin wa dúró lójú ọ̀nà. A kò bá wọn láyé. Ó dùn wá, yóò sì máa dùn wá. Venla ló rí wọn, òun ló gbé wọn dé ilé ìwòsàn, òun náà ló jókòó tì wọ́n, tó di ọwọ́ wọn mú títí wọ́n fi dákẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n.

Bàbá wa, Reino, ti ṣáájú wọn lọ ní 2011. Àwọn tí màmá fi sáyé lọ ni Marketta àti Ilpo, ọmọ wọn, Saana, Eetu àti Pihla, ọmọ-ọmọ wọn, àti Venla. A kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí a tó kọ orúkọ Venla mọ́ tiwa.

Ẹ sùn re, Màmá. Ọwọ́ ọmọ yín wà nínú tiyín.